Fọláyan, Elégbè Mi

Akíntáyọ̀, alága líìgì bọ́ọ̀lù wa ní Festac, ló ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Fọláyan sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ pín lọ́jọ́ tí wọ́n máa fún un ní àwo ìyìn. Ojú ìwé méjì péré, ó ní kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù, pé ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń dúró létí pápá. Ó tún ní orúkọ tèmi náà máa wà lára àwo náà, lábẹ́ ti Fọláyan, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Akíntáyọ̀ kò mọ̀ ni pé mo ń jowú Fọláyan, owú tó ń mú kí oúnjẹ korò lẹ́nu mi, débi pé Rùkáyátù ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí èmi fúnra mi jẹ́ ná, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Waheed ni mí, Bàbá Ramlah ni wọ́n ń pè mí. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, 21 Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti bísíkíìtì. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Jímọ̀, ta ló mọ̀ pé mo wà láyé? Oníbàárà á nawọ́ sí mi láìwojú mi, á ní, "Ẹ fún mi ní ṣúgà," á sì máa bá ẹni tó wà lórí fóònù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ẹgbẹ́ wa, Ògidì Festac, bá wọ pápá, èmi ni mo ń lé orin. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn á dákẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Àwọn lọ́yà wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara wà níbẹ̀, èmi oníṣúgà ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ìyẹn nìkan ni mo ní láyé tó jẹ́ tèmi gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.

Fọláyan ni elégbè mi. Ẹnì kan ló ń lé orin, àwọn tó kù á sì gbè é. Bí mo bá ti lé, ohùn Fọláyan ló máa kọ́kọ́ tẹ̀lé tèmi, ohùn kan tó nípọn, tí kì í kánjú, lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò á wá bọ́ sí i. Ọwọ́ òsì mi ló máa ń dúró sí. Mi ò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí nǹkan kan nígbà náà. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀nà ọ̀fun lè ṣe é.

Inú ilé tí ìjọba fún bàbá rẹ̀ ní Festac ni wọ́n bí i sí, ẹni ọdún méjìlélógójì ni. Ó ka ìwé jáde ní póòlì, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́ báǹkì, kó máa so táì. Ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá géètì Raji Rasaki Estate, òun ló ń rán nọ́ńbà sẹ́yìn jẹ́sì fún gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó wà ní Amuwo-Odofin, àti tiwa, àti ti Ìràwọ̀ Raji Rasaki tí a ò fẹ́ rí sójú. Gbogbo ìgbà ni píìnì máa ń wà láàárín ètè rẹ̀. Tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ yọ àwọn píìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sórí tábìlì, kó tó dá yín lóhùn. Mo ti rí oníbàárà tó bínú lọ kó tó yọ wọ́n tán. Èèyàn jẹ́ẹ́ ni, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń sanwó iléèwé ọmọ rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹ sọ fún mi, kí ló wà nínú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á jowú?

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tí a bá Ìràwọ̀ Raji Rasaki gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní gólì kan, Ìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, apá rẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já ọsàn. Bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sí i ló ń mú un. Ìgbà tó di àárín eré, ẹnì kan sọ fún mi létí pé ìyá ọmọ yẹn ló máa ń ru àpò ńlá káàkiri Mile 2, tó ń ṣa ike omi tí àwọn èèyàn ti mu tí wọ́n jù sílẹ̀. Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn. Ìkẹ́, ike. Orin ti wà nínú orúkọ ọmọ náà tẹ́lẹ̀, àfi kí n nawọ́ mú un. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ apá kejì, mo ti kọ ọ́ tán. Mo kọ́ Fọláyan, mo kọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wa. Mo lé e, wọ́n gbè é:

Kí ni ìyá Ìkẹ́ ń ṣe?
Ó ń ṣa ike.
Níbo ló ti ń ṣe é?
Ní Mile 2, ó ń ṣa ike.

Pápá dàrú. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú. Wọ́n ń ju ike omi sẹ́yìn gólì ọmọ náà, wọ́n ní kó kó o lọ fún ìyá rẹ̀. Ó jẹ góòlù kan, ó jẹ èkejì. Nígbà tó jẹ ẹ̀kẹta, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá òpó, ó sì rìn jáde ní pápá láìwo ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé mi sórí èjìká lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí. Kò dùn mí rárá, mo ń kọ orin náà délé.

Fọláyan gbè é pẹ̀lú wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, torí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ẹnu rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, ó lọ bá Akíntáyọ̀, ó ní, "Alága, èmi ni mo kọ́kọ́ gbe orin yẹn. Ẹ fìyà jẹ mí." Akíntáyọ̀ kò mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì ṣe òfin: ẹgbẹ́ tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ bá kọ orin èébú máa gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta láìsí òǹwòran, ẹni tó bá lé orin náà kò sì ní fẹsẹ̀ tẹ etí pápá títí ọdún fi máa parí.

Òfin la máa ń ṣe ní Nàìjíríà, a mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ yìí kàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin bo èébú mọ́lẹ̀ ni, wọ́n ń kọ ọ́ nígbà tí rẹfirí bá kọjú sápá ibòmíràn. Fọláyan ló wá gbé ọgbọ́n mìíràn kalẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá àwọn vọ́kanáísà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń wá, àti tiwa àti ti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún wọn: "Ẹ má bá ẹni tó lé e jà. Ẹ kàn má gbè é." Mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan láti Mile 2 lé orin nípa ẹsẹ̀ rẹfirí tó wọ́. Ó lé e lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó gbè. Ó lé e lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń lọ lórí pápá bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Kò lé e lẹ́ẹ̀kẹta. Láàárín oṣù méjì, orin èébú ti di ohun ìtìjú.

Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí Fọláyan lójú títì. Pásítọ̀ kan ní kó wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kan ṣe fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń yọ píìnì lẹ́nu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wò ó. Àwọn tó ń ra ṣúgà lọ́wọ́ mi, tí wọn kì í wojú mi, wá gbójú sókè, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń dúró ti Bọ̀dá Fọláyan?" Mo dúró ti Fọláyan! Létí pápá, wọ́n gbé àga wá fún un, wọ́n fún un ní omi tútù, èmi ṣì wà lórí ìdúró. Gbogbo ìyẹn, mo gbé e mì. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni pé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan mo lé orin wa àtijọ́, orin tí kò ní èébú kankan, mo sì rí i pé kí wọ́n tó gbè mí, ojú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sí Fọláyan. Ó mi orí sí i díẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbè é. Èmi tí mo lé orin, mo ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ elégbè mi.

Mo gbé owú délé lọ́jọ́ náà. Mo jowú ohùn rẹ̀, mo jowú àga rẹ̀, mo jowú píìnì ẹnu rẹ̀. Mo ń wá ohun tí mo máa fi gba àwọn èèyàn mi padà, mo sì rí i.

Oṣù tó kọjá ni a tún pàdé Ìràwọ̀ Raji Rasaki. Ìkẹ́ ti padà sẹ́nu gólì, ó ti ki díẹ̀ sí i. Ìyá rẹ̀ wá wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró sẹ́yìn òpó gólì, ó wé gèlè funfun, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni tó wà níwájú dókítà. Mo ti ṣe ìṣirò mi. Ẹ padà lọ wo orin náà. Kí ni ìyá Ìkẹ́ ń ṣe? Ṣé èébú ni? Ìbéèrè lásán ni. Ẹnu àwọn elégbè ni èébú wà. Bí mo bá lé e, ẹnu àwọn ọmọ yẹn á gbè é kí wọ́n tó ronú, torí ó ti mọ́ wọn lára. Iṣẹ́ Fọláyan á bàjẹ́ lójú gbogbo èèyàn, èmi kò sì ní jẹ̀bi ohunkóhun. Mo kàn béèrè ọ̀rọ̀ ni.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí, góòlù kan sí ẹyọ kan, rẹfirí fún wa ní pẹnáritì. Ìkẹ́ dúró láàárín òpó méjì, ó na apá rẹ̀. Mo lé e:

"Kí ni ìyá Ìkẹ́ ń ṣe?"

Mo rí i bí apá ọmọ náà ṣe wálẹ̀. Mo rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe tẹ orí ba. Lẹ́yìn mi, àwọn ọmọ ti la ẹnu, mo gbọ́ "Ó ń" lẹ́nu bí ẹni mẹ́wàá. Ohùn Fọláyan sì já lu tiwọn, ó nípọn, kò kánjú:

"Ó ń ṣìkẹ́."

Ẹ̀rín kan gba pápá, ẹ̀rín mìíràn ni, kì í ṣe ti ọjọ́sí. Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ń dúró. Ẹnu mi ti mọ orin náà jù, ó lé ìyókù láìbéèrè lọ́wọ́ mi: "Níbo ló ti ń ṣe é?" Gbogbo wọn sì gbè é lẹ́ẹ̀kan náà, tiwa àti ti Ìràwọ̀: "Ní Mile 2, ó ń ṣìkẹ́." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà. Ìkẹ́ tún na apá rẹ̀, ó mú pẹnáritì wa, àwọn alátìlẹ́yìn wa sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba góòlù lẹ́nu wọn. Ọ̀mì la ta.

Akíntáyọ̀ sáré wá bá wa, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tiráì gan-an. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ plan ẹ̀, àbí?"

Fọláyan ló dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ló lé e. Èmi kàn gbè é ni."

Wọ́n gbé mi sórí èjìká lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ẹlòmíràn ni mo jókòó lé.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ìjà ni mo bá lọ. Mo ní, "Fọláyan, ta ló ní kó o yí orin mi padà?" Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ píìnì, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mo fẹ́ gbá tábìlì náà dànù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí n wí nìyẹn? Mo rò pé ẹ ti tún un ṣe ni. Mo ní ẹ ò lè lé e lójú ìyá yẹn tí kò bá jẹ́ pé ẹ ti tún un ṣe."

Ó gbé jẹ́sì kan sókè, ti Ìkẹ́ ni. Ó fi ìgúnpá rẹ̀ hàn mí, aṣọ rírọ̀ wà nínú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ó ní ìyá Ìkẹ́ ló máa ń gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ní kí wọ́n fi aṣọ sí i kí ilẹ̀ má baà bó ọmọ òun lára tó bá ṣubú. Ó ní, "Mo máa ń sọ fún un pé, Ìyá Ìkẹ́, ẹ ń ṣìkẹ́ ọmọ yìí jù."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ tàbí ó ń bo àṣírí mi. Èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, mo jowú ẹ̀. Èmi ni mo ń kọ orin. Odindi ọdún kan ni orúkọ ọmọ yẹn fi wà lẹ́nu mi, ike nìkan ni mo gbọ́ nínú rẹ̀.

Ǹ bá pa á mọ́ra. Ǹ bá kọ ojú ìwé méjì tó dùn, kí n sì gba orúkọ mi lára àwo. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Ìkẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àpò rẹ̀ léjìká. Rùkáyátù kí i bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì lọ gbé ike òfìfo jáde látẹ̀yìn ilé, ó pọ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí ìyàwó mi ti ń kó o jọ fún un.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bàbá Ramlah, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lé orin mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé e kí n gbọ́."

Mo ní kó dìde. Mo lé e jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀: "Kí ni ìyá Ìkẹ́ ń ṣe?"

Ó dáhùn, "Ó ń ṣa ike."

Mi ò lè gbójú sókè. Ó ń to ike sínú àpò, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ti àkọ́kọ́ yẹn náà kì í ṣe irọ́, Bàbá Ramlah. Iṣẹ́ mi ni, òun ni mo fi ra ìbọ̀wọ́ fún un. Ẹ̀rín tẹ́ ẹ rín ni ò jẹ́ kó lè jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò bá yín jà o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ àwọn orin méjèèjì." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rùkáyátù, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Akíntáyọ̀, ìtàn Fọláyan tó o ní kí n kọ nìyí, ó ti ju ojú ìwé méjì lọ. Èébú ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ lọ́jọ́ pẹnáritì yẹn. Yọ orúkọ mi kúrò lára àwo yẹn, kọ ti Fọláyan nìkan, kọ ọ́ gàdàgbà. Òfin wà tí wọ́n máa fi lé mi kúrò létí pápá títí ọdún fi máa parí, mo mọ̀ ọ́n, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Bí mo bá padà dé, mi ò ní lé orin mọ́. Màá dúró lọ́wọ́ òsì Fọláyan, níbi tí òun máa ń dúró sí, kó lé e, kí n gbè é. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.